Orí Tó Kẹ́yìn Nínú Ìtàn Agogo Tó Sọnù

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ rédíò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo. Ó ní ètò ìtàn kíkà mi ti parí, àwọn kan tó ń polówó àgbo ti ra àkókò náà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, orí kan ṣoṣo ló kù nínú ìtàn tí mò ń kà lọ́wọ́."

"Ẹ má bínú, Àǹtí Fúnkẹ́. Ọjọ́ Ajé ni àgbo máa bẹ̀rẹ̀."

Bí mo ṣe gbé orí tó kẹ́yìn sínú báàgì, tí mo sì gba ilé lọ nìyẹn.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Èmi ni mò ń kọ ìtàn ọ̀hún, èmi náà ni mò ń kà á. Ìtàn ọ̀daràn ni, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn nínú rẹ̀. Alhaja tó kọ́ mi níṣẹ́, ọmọ bíbí Òṣogbo, ló fi mí mọ ọ̀nà yẹn. Nínú ìtàn tí mo kọ́kọ́ gbé wá, mo ti pa èèyàn mẹ́ta kí n tó ṣí ojú ewé kejì. Alhaja kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Fúnkẹ́, ta lo rò pé ó ń gbọ́ rédíò ní ìrọ̀lẹ́? Ẹni tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni. Tó o bá dẹ́rù bà á tán, ṣé ìwọ lo máa lọ bá a sùn ni?"

Mo bá dá ìlú kékeré kan sílẹ̀ nínú ìwé, mo pè é ní Ìdí-Orógbó. Ọ̀nà kan ló wọ ibẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí wà, ìyá oníbúrẹ́dì wà, agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìntì sì wà tí ohunkóhun kì í pa mọ́ lójú rẹ̀. Nǹkan á sọnù, ìlú á dàrú, àwọn aráàlú á máa fura síra wọn, títí agbẹ̀bí á fi tú àṣírí. Ẹni tó ṣe é á tọrọ àforíjì, wọn á bá a wí, wọn á sì jọ jẹun.

Àwọn èèyàn rò pé olè tí a ń wá ló ń dùn mọ́ olùgbọ́. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ní Ìdí-Orógbó, bí fèrèsé rẹ ò bá ṣí láàárọ̀, ẹnìkan á wá kanlẹ̀kùn. Èmi tí mo fi Iléṣà sílẹ̀ wá dá gbé yàrá kan ní Òṣogbo, ibà gbé mi dè nígbà kan, mo sàn, mo dìde, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo dùbúlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara mi ni mo kọ ìlú yẹn fún.

Iṣẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀ dá wà. Yàrá tóóró ni sítúdíò, fóòmù ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀ kí ohùn má baà dún padà. Bí iná pupa bá ti tàn, ohùn rẹ ti wà lórí afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni tó ń darí ẹ̀rọ wà lẹ́yìn gíláàsì, fóònù rẹ̀ ló ń wò. Wàá dá àpárá, ìwọ nìkan ni wàá rẹ́rìn-ín. A kì í so ojú ewé pọ̀, torí bí a bá ń ṣí i, ẹ̀rọ á gbé ariwo rẹ̀. Mo gbàgbé lọ́jọ́ kan, ẹnìkan sì pè wá láti béèrè bóyá òjò ń rọ̀ ní Ìdí-Orógbó.

Ọ̀sẹ̀ tí ìpolówó àgbo bẹ̀rẹ̀ ni ẹni tó ń ṣọ́ géètì wá bá mi nídìí tábìlì mi nílé-iṣẹ́. "Àǹtí, bàbá kan ń béèrè yín."

Bàbá náà ti dàgbà, ó di fìlà rẹ̀ mọ́wọ́. Ó ní iṣẹ́ káfíńtà lòun ṣe kí òun tó fẹ̀yìntì, Òṣú lòun ti wọkọ̀ wá.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń ka ìtàn agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó sọnù?"

"Èmi ni, sà."

"Èmi àti ìyàwó mi la jọ ń gbọ́ ọ. Mo ní akọ̀wé ìjọ ló jí agogo. Ó ní rárá, ìyá oníbúrẹ́dì ni. Mo bi í pé kí ló rí. Ó ní ó di ìgbà tí ìtàn bá parí kóun tó sọ." Ó yí fìlà lọ́wọ́. "A sin ín lóṣù tó kọjá."

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, sà."

"Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ẹni náà fún mi. Ẹ kà á."

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi nínú ọgbà, mo yọ orí tó kẹ́yìn látinú báàgì mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo kàwé tí mo ń rí ojú ẹni tó ń gbọ́ mi. Mo kà á bí agbẹ̀bí ṣe kó ìlú jọ, bí wọ́n ṣe rí agogo lábẹ́ àpò ìyẹ̀fun ìyá oníbúrẹ́dì. Agogo yẹn ni wọ́n lù lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀. Ìdájí gbogbo tó bá ti dún, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n tún ń sin ín. Àwọn aráàlú gbé agogo padà, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ẹnìkan máa lọ bá a jókòó títí yóò fi dún tán.

Bàbá gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún.

"Ó jàre," ló wí níkẹyìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Màmá jàre."

"Báwo ló ṣe mọ̀?"

Mo fẹ́ sọ, ó gbọ́wọ́ sókè. "Rárá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo lọ kó ìyókù wá látinú dúrọ́ọ̀ mi. Mo ka orí kìíní, mo bọ́ sí èkejì. Níbẹ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́, kò tíì sẹ́ni tó gun ilé agogo, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Ìyá oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì dé ilé àlùfáà, ó kí wọn, ó ní, "Báwo la ó ṣe mọ àkókò ìsìn lónìí?"

Bàbá fọwọ́ kàn mí lápá. "Ẹ tún ibẹ̀ kà."

Mo tún un kà.

Ó di ojú. "Ẹ̀gúsí ni ìyàwó mi ń bó lọ́jọ́ náà. Ibí yìí ló ti dáwọ́ dúró. Mo rò pé ọwọ́ ló ń dùn ún. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ń bó o lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ibí yìí ni. Ibí yìí ló ti mọ̀."

Kò la ojú. Mi ò ṣí ìwé síwájú. Mo fi ìka mi sórí ìlà yẹn, mo sì dúró dè é.