Òkun Bùsàrí ní Ìkàrẹ́

Ìdí Bùsàrí àti àga ti kọ ara wọn sílẹ̀ tipẹ́. Bí ó bá jókòó ti iyán, yóò ti dìde lọ wo títì, yóò ti dìde lọ wo òjò, kí ọbẹ̀ tó tutù. Ẹja yìnyín ló ń tà lẹ́bàá ọjà Ìkàrẹ́: kótè, títù, pánla, gbogbo wọn ti kú, gbogbo wọn sì gan bí igi. Àmọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà, ẹja kan wà láàyè nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ní gbogbo Àkókó, òun nìkan ló ń fi iná mànàmáná kan náà sọ òkú ẹja di òkúta, tó tún ń fi dáná yíyá fún alààyè.

Àpótí gíláàsì ńlá ni ilé ẹja náà. Bùsàrí rà á lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan tó kógbá wọlé l'Ékòó. Ó po iyọ̀ òkun mọ́ omi, ó to òkúta sí i, ó sì gbé iyùn tútù lé òkúta lórí, iyùn tó ń mí, tó ń ṣí, tó ń pa dé bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Ẹja inú rẹ̀ pọ́n bí epo, ó ní ilà funfun lẹ́rẹ̀kẹ́, Bùsàrí sì sọ ọ́ ní Alábàjà. Àwọn èèyàn ń wọ mọ́tò láti Àjọwá àti Ikaram wá wo òkun tó gun òkè. Ìyá arúgbó kan láti Àfìn tiẹ̀ bi í pé, "Ọmọ mi, nígbà wo ni iyùn yìí máa gbó ká fi sín ìlẹ̀kẹ̀?"

Àfi bí omi ṣe di àwọ̀ ewé. Ewé omi tó rí bí irun hù sórí òkúta, ó hù sára gíláàsì, ó bo iyùn mọ́lẹ̀. Bí èèyàn bá pẹ́ jù níwájú àpótí náà, ẹ̀rù a máa bà á pé yóò hù sí òun lágbọ̀n. Iyùn pa ọwọ́ dé, kò ṣí i mọ́. Alábàjà sá wọ ihò.

Raliat ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí. "Bàbá Memunat, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí wọ́n bá fi rí oṣù ààwẹ̀ tí omi yìí ṣì rí bí omi ewúro, àpótí yìí ń jáde, firísà kejì ń wọlé. Kí ni mo fẹ́ fi òkun ṣe nínú ààwẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà ni Bùsàrí kò ti rí ara gbé sọ. Ó kọ́kọ́ ní oòrùn ni, ló bá fi ìró Raliat bo fèrèsé. Ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn débi pé oníbàárà kan san owó pánla, ó gbé kótè lọ. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha òkúta, ó gbàgbé eyín tirẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, irun ti hù padà.

Ó ní omi kànga Ìkàrẹ́ ló fà á. Ó di kẹ́ẹ̀gì mọ́ ọ̀kadà, ó lọ pọnmi ní ìsun abẹ́ àpáta ní Ọ̀kà. Pàbó. Ló bá ń kígbe láàárín ṣọ́ọ̀bù pé omi Ọ̀kà náà ti dọ̀tí. Ìyá rẹ̀, Àsàmáù, ọmọ Ọ̀kà, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, gbọ́.

"Omi tí mo fi wẹ̀ ọ́ dàgbà ló dọ̀tí? A jẹ́ pé ìwọ gan-an ni kí n lọ dà nù."

Nígbà tó sú u, ó pe Ọlálérè lórí fóònù, ẹni tó ń ta iyọ̀ òkun fún un l'Ékòó. Ọlálérè ní kí ó bu omi díẹ̀ sínú ìgò kékeré, kí ó kán oògùn ìdánwò tó bá iyọ̀ náà wá sí i: bí omi bá mọ́, kò ní pupa, yóò pọ́n ráúráú bí òroǹbó. Bùsàrí kán an. Ó pupa bí ata rodo.

Ọlálérè ní, "Ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ ló jẹrà síbẹ̀. Òun ni ajílẹ̀ irun yẹn. Kí lẹ ń fún ẹja kan ṣoṣo jẹ?"

"Ìwọ̀nba tí ìka méjì lè mú lójúmọ́!"

"A jẹ́ pé ẹlòmíràn ń ṣe ìnáwó níbẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bùsàrí ká ara rẹ̀ kò sẹ́yìn firísà. Ó sàn fún un kí ó gbé Òkè Ọ̀kà lérí ju kí ó lóṣòó sójú kan lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé òkú kótè ń jó nínú firísà. Ni Àsàmáù bá wọlé jẹ́ẹ́, ó yọ abọ́ lábẹ́ ìbòrí, ó sì ń fọ́ ọ̀ọ̀lẹ̀ sínú òkun.

"Ẹ̀dá Ọlọ́run tí kò lè tọrọ, gba sàárà. Bá mi bẹ Ọlọ́run kí ọkàn Bùsàrí balẹ̀. Kí omi yìí tó bàjẹ́ ni mo ti ń fún ọ; láti ìgbà tó ti bàjẹ́, kò tún rí ara gbé sọ mọ́. Òní, mo fi ẹyin kún un."

Bùsàrí fò dìde. "Ìyá mi! Ẹ̀yin ni?"

"Ta ni ìbá tún jẹ́? Bí ìdààmú rẹ ṣe ń pọ̀ sí i ni èmi náà ń fi kún sàárà."

Báwo lèèyàn ṣe máa sọ fún ìyá rẹ̀ pé àdúrà rẹ̀ ló ń jẹrà? Raliat tó tẹ̀lé ìyá wọlé ló gba Bùsàrí sílẹ̀.

"Ìyá, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ni kí ó jẹ ẹ́."

"Àfáà ní kí n fún ẹni tí kò lè tọrọ."

"Ẹ ti gbọ́ kí ọmọ yín tọrọ nǹkan rí? Ṣé ó ń dúró tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìyá rò ó, ó rí i pé òótọ́ ni. Láti ìgbà náà, láràárọ̀, ìyá a fi Bùsàrí jókòó sórí àga níwájú òkun rẹ̀, a gbé ọ̀ọ̀lẹ̀ fún un, a sì dúró tì í títí abọ́ yóò fi mọ́. Ikùn rẹ̀ ń yọ, irun inú àpótí ń wọ̀. Ó ń bu omi àtijọ́ dà nù díẹ̀díẹ̀, ó ń fi tuntun sí i. Omi inú ìgò kékeré kò pupa mọ́, ó kọ́kọ́ ń ṣe bí epo, ó wá ń ṣe bí òroǹbó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí gbogbo Ìkàrẹ́ ń wo ojú ọ̀run fún oṣù, inú gíláàsì ni Raliat tẹjú mọ́. Irun ṣì kù díẹ̀ lẹ́yìn òkúta. Àmọ́ iyùn ti ṣí ọwọ́ kan, Alábàjà sì ń rìn gbẹ̀fẹ́ lábẹ́ rẹ̀ bí onílé. Àwọn tó gbé firísà kejì dé ti ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, ibo la máa gbé e sí?"

Raliat wo òkun, ó wo ọkọ rẹ̀ tó fara balẹ̀ sórí àga bí ọba.

"Bàbá Memunat, ẹ dìde. Àga yẹn ló ń jáde."

Nígbà tí ìyá gbé ọ̀ọ̀lẹ̀ ìṣínu dé lọ́jọ́ kejì, orí ìdúró ni Bùsàrí ti jẹ ẹ́, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀.