Ewúrẹ́ Alága Nínú Ìròyìn Ilé-Ẹ̀kọ́

Mọ́ṣádé Òdúwọlé kì í ṣe ẹni tó lè dúró jẹ́ẹ́. Rachel ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ọmọ òun á ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí àlùfáà tó ṣe àmín. Nígbà tó fi máa di ọdún 1986, ó ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan lójú ọ̀nà Ìjagun. Òun náà ló kọ ètò àgbà tó ń darí kọ̀ǹpútà ibẹ̀, ìyẹn ètò tí gbogbo ètò yòókù gbọ́dọ̀ bẹ̀ kí wọ́n tó lè tẹ nǹkan jáde tàbí kó o pamọ́.

Kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n ní, àmọ́ ènìyàn mélòó kan lè jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú pẹ̀lú ojú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tó ń wò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá ní kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá òun tẹ nǹkan, ètò àgbà á gbájú mọ́ ọn títí yóò fi parí, àwọn yòókù á sì káwọ́ gbera. Albert, ọ̀gá wọn, ló sì ń tẹ̀wé jù.

Mọ́ṣádé lọ bá a. Ó ní òun fẹ́ kí ètò àgbà máa gba iṣẹ́, kó fún ẹni tó bẹ̀ ẹ́ ní nọ́ńbà, kó ní kó máa bá tirẹ̀ lọ. Bí iṣẹ́ bá parí, á ké sí i. Albert ní òun kò rí irú rẹ̀ rí.

"Ọ̀gá, bí ẹ bá rán ènìyàn sí Ìbẹ̀fun, ṣé ẹ máa ń dúró sójú títì títí á fi dé ni?"

"Bí mi ò bá fọkàn tán an, màá dúró." Ó ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Mọ́ṣádé fọwọ́ kàn án. Ìgbà ìsinmi ló ṣe é, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó jókòó sẹ́yìn yàrá, ó ń bó ọsàn, ó ń retí ìgbà tí ọ̀gá máa fura.

Albert kò fura. Lọ́jọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ó ní kí ẹ̀rọ tẹ ìròyìn ọdún jáde, ó sì rí i pé ojú kọ̀ǹpútà òun ti ṣí sílẹ̀ lọ́gán. Inú rẹ̀ dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan mìíràn tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ẹ̀sùn sí ẹgbẹ́ onílé ní Ayépé, lórí ewúrẹ́ aládùúgbò rẹ̀, Alhaji Gbàdàmọ́sí. Alhaji yìí kan náà ni alága ìgbìmọ̀.

Nǹkan kan wà tí Mọ́ṣádé gbójú fò. Ètò ìkọ̀wé Albert kò mọ̀ pé ayé ti yí. Tẹ́lẹ̀, bí ètò àgbà bá ti dá a lóhùn, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, nítorí náà àyè kan náà nínú kọ̀ǹpútà ló máa ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ sí. Bí ẹ̀rọ ṣe ń ka ìròyìn lọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Albert ń kọ ẹ̀sùn lé e lórí. Ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ni Albert yẹ̀ wò, ó mọ́ lóló, ó bá kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ìpàdé.

Alága fúnra rẹ̀ ló kà á sókè. Nígbà tó dé àárín, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. "Àwọn olùkọ́ tuntun ti dé, wọ́n fo ògiri wọlé, wọ́n sì jẹ ẹ̀fọ́ mi tán. A dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ Alága wa, tó ń ké lójoojúmọ́ lẹ́yìn fèrèsé mi."

Albert ń wo àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Mọ́ṣádé, tí wọ́n pè wá láti sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ti ki aṣọ ìnujú bọ ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́. Ó dìde, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, ó sì ṣàlàyé bó ṣe jẹ́.

Alhaji gbọ́ ọ tán. "Albert, ewúrẹ́ mi ń jẹ ẹ̀fọ́ rẹ, o ò sì sọ fún mi?"

Albert ní òun ń ro ipò wọn ni. Alhaji ní kí Mọ́ṣádé tún ètò rẹ̀ ṣe, kó má pa á tì. Ewúrẹ́ ni òun máa so.

Mọ́ṣádé padà sídìí iṣẹ́. Ó ṣe é lọ́nà tó jẹ́ pé níwọ̀n ìgbà tí ètò àgbà kò bá tíì parí iṣẹ́ kan, àyè tí ọ̀rọ̀ náà wà di tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ nǹkan síbẹ̀. Ó pẹ́ kí Albert tó kí i padà dáadáa.

Ní sáà tó tẹ̀lé e, Fàtímọ̀, olùkọ́ ìṣirò, wá fẹjọ́ sùn pé iṣẹ́ tí òun bẹ̀ kẹ́yìn ló kọ́kọ́ ń parí. Mọ́ṣádé rẹ́rìn-ín, ó fa àga kan fún un, ó ní kó jókòó kí òun ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ kékeré fi ń parí ṣáájú ńlá.