Iná Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù Bọ̀dá Múfú

Ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ìmọ́lẹ̀ kan gba ojú fèrèsé mi wọlé ní Àgùdà, ó funfun bí ẹni da wàrà sára ògiri. Mo dìde lọ wò ó. Ọmọkùnrin tó háyà ìsàlẹ̀ ilé ni. Ó ti to iná yí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ká, níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ó sì fẹ́ gbé ọkọ̀ náà bọ́ sójú títì pẹ̀lú iná yẹn ní títàn. Mo ké sí i láti òkè pé kó pa á.

"Màmá, ẹ̀yìn ló wà o," ló fi dá mi lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kò dí mi lójú rárá."

"Mo mọ̀ pé kò dí ọ lójú. Pa á."

Ó pa á, torí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ pé ó kà á sí ọ̀rọ̀ arúgbó. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyí.

Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, Mushin là ń gbé, ìyá mi sì ń ta tòmátì. Ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé tòmátì bọ̀ láti Òkè Ọya, Oto, níbi tó ti ń já ẹrù, ni àwọn ìyá sì ti máa ń lọ rà á kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ilé-ìwé, wọ́n á mú mi dání. Òórùn ibẹ̀ kò tíì kúrò nímú mi: apẹ̀rẹ̀ tó tutù, koríko gbígbẹ tí wọ́n fi ń bo tòmátì lórí, epo ọkọ̀, àti àkàrà tí wọ́n ń dín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Bọ̀dá Múfú, àbúrò ìyá mi, ló ń fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kó wa padà sí Mushin. Ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí àfi téèyàn bá bẹ̀ ẹ́ láti ìta. Bọ̀dá Múfú á dá jókòó síwájú. Èmi, ìyá mi àti ọ̀rẹ́ wọn, Ìyá Kúdí, á jókòó sẹ́yìn láàárín apẹ̀rẹ̀.

A kì í jókòó lásán. Orí ìrìn ni wọ́n ti máa ń ṣa tòmátì: èyí tó le lọ́tọ̀, èyí tó ń rọ̀ lọ́tọ̀, èyí tó ti bẹ́ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá dé ọjà tí kò tíì ṣà á, àwọn oníbàárà àárọ̀ á ti kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Torí èyí ni Bọ̀dá Múfú fi ní kí ríwáyà kan, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, so gúlóòbù ńlá kan mọ́ irin ẹ̀yìn orí ọkọ̀, kó kọjú sí ẹrù. Ọ̀dọ̀ dẹ́rẹ́bà ni ṣúwíìṣì rẹ̀ wà. A ní òfin kíkàn tiwa: ẹni tó bá kan òrùlé ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ń ní kó dúró, ẹ̀ẹ̀mejì ni kó máa lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó tan iná.

Bọ̀dá Múfú kò fẹ́ràn ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn. "Iná ìkẹ́rù ni, kì í ṣe iná ìrìn," ni wọ́n máa ń wí. "Iwájú ọkọ̀ ni funfun, ẹ̀yìn ni pupa."

Ìyá Kúdí á dá wọn lóhùn láti ẹ̀yìn: "Múfú, ṣé ojú ológbò la ní níbí ni? Tàn án jàre, àbí kí o wá bá wa ṣà á!"

Wọ́n á tàn án. Ó pẹ́ tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kó bọ́ sápá ọ̀tún. Bàbá tó ń rán bàtà níwájú ilé wa ní ó ti pẹ́ jù. "Ta ló ń fi ọwọ́ òsì kí àgbà?" ni wọ́n ń bi gbogbo ẹni tó bá gbé bàtà wá. Àwa ọmọdé sọ ọ́ di eré, ẹni tó bá gba òsì lójúde, a ó gbá a létí. Àmọ́ àwọn àgbà ń bẹ̀rù ẹni kan ṣoṣo: ẹni tí yóò gbàgbé. Ìkìlọ̀ tí gbogbo wọn ń ṣe fún ara wọn ni pé, "Bí o bá rí ẹni tó gbàgbé níwájú rẹ, yà fún un. Má bá a du ọ̀nà."

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyípadà náà. Òjò ti rọ̀, kùrukùru bo títì, tòmátì ọjọ́ náà sì ti gbọ̀rinrin, ó ń bẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. A ti kọjá Yábàá, a ò tíì dé Ojúẹlẹ́gbà. Ìyá mi ní, "Kàn án lẹ́ẹ̀mẹta." Èmi ni mo kàn án. Iná tàn.

Mo gbọ́ alùpùpù kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ó yọ ní kọ́nà, mo rí iná rẹ̀. Lójijì ó yà sápá òsì. Lọ́rì kan ń bọ̀ lọ́hùn-ún, ó fun fèrè. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà kò pọ̀, ó dà bí apẹ̀rẹ̀ òfìfo tó já bọ́.

Bọ̀dá Múfú dúró, wọ́n sáré padà. Mo tẹ̀lé wọn, kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló wà nílẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sunkún. Ó ń wo Bọ̀dá Múfú.

"Ẹni tó ń bọ̀ yẹn ńkọ́?" ló bi wọ́n. "Ẹni tó gbàgbé yẹn. Ṣé ó yè é?"

Bọ̀dá Múfú wẹ̀yìn wo ọkọ̀ wa, wọ́n rí iná yẹn.

"Ó yè é," ni wọ́n wí.

Wọ́n rìn padà lọ pa iná náà. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù.

Ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, awakọ̀ lọ́rì sọ ohun tó rí: "Ọwọ́ àtijọ́ ló gbà wá bá mi." Irọ́ kọ́. Ìyá Kúdí ní iná kankan kò tàn lẹ́yìn ọkọ̀ wa. Ìyá mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá Múfú la ẹnu, ìyá mi sì wò wọ́n. Mo ti gbọ́ ohun tí ìyá mi sọ fún wọn lójú ọ̀nà: "Ọmọ mẹ́rin lo bí. Tí wọ́n bá gba láísẹ́ńsì rẹ, kí ni wọ́n á jẹ?" Bọ̀dá Múfú pa ẹnu dé. Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀ pé olóògbé gbàgbé pé ọwọ́ ti yí padà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá ọ̀dọ́kùnrin náà wá bá wa lọ́jà. Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ń gbé, Ìyá Jídé ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọn kò pariwo. Wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ wa, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀.

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o," ni wọ́n wí. "Jídé ló fi ṣọ́ọ̀kì fa títì sílẹ̀ lágbàlá wa, tó kọ́ gbogbo ọmọ àdúgbò lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó kọ́ èmi gan-an. Báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa gbàgbé? Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí?"

"A ò rí nǹkan kan, mà," ni ìyá mi wí. "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọlọ́run á tù yín nínú," ni Ìyá Kúdí wí. Ẹnu wọn tó máa ń mú bí abẹ, ọjọ́ náà kò mú.

Ìyá Jídé kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, ọkọ mi?"

Ìyá mi tètè fèsì: "Ó sùn ni, mà."

Ìyá Jídé ṣì ń wò mí. Mo ní, "Mo sùn, mà."

Wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku kúrò ní orúnkún, wọ́n kí wa pé ó dàbọ̀. Mo padà sídìí tòmátì mi. Mo ń retí kí nǹkan kan ṣe mí, kò ṣe mí. Mo jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án, mo tún bù sí i. Bọ̀dá Múfú tú gúlóòbù náà kúrò, ihò méjì tí wọ́n lu sára irin kù síbẹ̀, a sì ń dúró kí ilẹ̀ mọ́ ká tó ṣa tòmátì. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí mo di ẹni ara mi, tí ìyá mi àti Bọ̀dá Múfú ti dolóògbé, mo wá ilé Ìyá Jídé lọ ní Èbúté Mẹ́ta. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò mọ̀ wọ́n. Bàbá kan tó ń tún aago ṣe lójúde ló gbójú sókè.

"Ìyá Jídé? Ìyá tí ọmọ rẹ̀ gbàgbé ọwọ́ yẹn? Wọ́n ti kú tipẹ́."

Lónìí, mélòó nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ ló mọ̀ pé apá òsì la fìgbà kan ń gbà? Ọwọ́ àtijọ́ ti parẹ́ lórí títì, ó sì ti parẹ́ lọ́kàn àwọn tó rìn ín. Ohun tí kò parẹ́ ni gbólóhùn kan tí ọlọ́pàá kọ sínú ìwé, tí àdúgbò sọ di orúkọ ìyá kan.

Mo jókòó ti bàbá aláago náà, mo sọ fún wọn pé Jídé kò gbàgbé. Mo sọ bí iná wa ṣe tàn, tó fi rò pé ọkọ̀ ẹni tó gbàgbé ló ń bọ̀ níwájú, tó sì yà fún un gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa. Mo sọ pé èmi ni mo kan òrùlé. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n gbé aago tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ta ni ká wá lọ sọ ọ́ fún báyìí?"