Bí Mayi Bondo Ṣe Gbàgbé Orúnkún

Enelesi Khofi ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní gbogbo oko tíì tó wà ní Thyolo, Mayi Bondo ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Ìyá Orúnkún. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó fò sókè gba bọ́ọ̀lù níbi ìdíje nẹ́tíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sáwọ̀n. Ó gbá a mú lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe balẹ̀, orúnkún rẹ̀ yí sínú, ó sì dún kọ̀ọ̀. Bó ṣe dẹni tó ń tiro nìyẹn. Nígbà tó wá di kóòṣì ẹgbẹ́ nẹ́tíbọ́ọ̀lù àwọn obìnrin tó ń já ewé tíì, ó búra pé orúnkún ẹnikẹ́ni ò ní bàjẹ́ níṣojú òun.

Ẹnu ló fi ń ṣọ́ wọn. "Falesi, orúnkún! Má jẹ́ kó wọnú! Ìdí sẹ́yìn! Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ síwájú! Orúnkún, mo ní!"

Falesi Namalomba, tó ga bí òpó iná, á fò, á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lófuurufú bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù, bọ́ọ̀lù á sì gbá a nímú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á le gbagidi, á wá balẹ̀ gbì! bí àpò àgbàdo tó já láti orí ọkọ̀.

"Mayi, ẹ ṣàánú mi. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rò níbẹ̀? Kí n tó dórí àtàǹpàkò, mo ti délẹ̀."

"Ro gbogbo ẹ̀ pọ̀!"

"Orí mi ò gbà á, Mayi. Imú nìkan lẹ ò tíì dárúkọ, òun ló sì ń jìyà."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Loviness, tó máa ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, gbé ọmọ rẹ̀ tó ń yọ eyín wá. Ọmọ náà ti sunkún títí kó tó sùn lórí chitenje, aṣọ ìró ìyá rẹ̀, lábẹ́ igi létí pápá. Àfi gbì! Falesi balẹ̀. Ọmọ fi igbe ta, Loviness sì fò dìde.

"Falesi! Ṣé ẹsẹ̀ lo ní àbí odó? Tó o bá tún jí ọmọ yìí, ìwọ lo máa pọ̀n ọ́n gbá bọ́ọ̀lù!" Nígbà tí ọmọ tún sùn, Loviness yíjú sí kóòṣì. "Mayi, ariwo tiyín gan-an ló burú jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́."

Enelesi panu mọ́. Ó fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Falesi fò, ó gba bọ́ọ̀lù, ó balẹ̀, kò sì sí ariwo kankan. Orúnkún méjèèjì rọ̀, wọ́n tẹ̀ síwájú tààrà, ìdí lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọ̀fun Enelesi ti tìtorí ẹ̀ gbẹ nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tún bí i.

Ó yọ́ sún mọ́ ọn. "Kí lo ṣe sí orúnkún rẹ?"

"Orúnkún kẹ̀? Mi ò tiẹ̀ rántí pé mo ní in. Kí ilẹ̀ má dún ni mò ń bá kiri."

Láti ọjọ́ náà, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu Enelesi: "Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ gbọ́ pé ẹ ti dé." Àwọn obìnrin náà sì ń balẹ̀ bí ológbò.

Àmọ́ ìwà àtijọ́ ò tètè lọ. Nígbà tí wọ́n ń bá àwọn ará Mulanje gbá a, tí góòlù wọn dọ́gba, Falesi fò sókè. Enelesi fò dìde. Kó tó mọ̀, ó ti pariwo: "Orúnkún!"

Gbogbo wọn wo orúnkún wọn, àti ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ti Mulanje. Rẹfirí pàápàá wo tiẹ̀. Bọ́ọ̀lù yí lọ sójú títì, ajá kan sì sáré tẹ̀ lé e.

"Ìyá yẹn," rẹfirí ní, "ẹ lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀ tó gbé yín wá!"

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló wà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi fìdí rẹmi. Síbẹ̀, wọ́n ṣe ipò kẹta nígbẹ̀yìn ìdíje ọdún náà, kò sì sẹ́ni tó fi ẹsẹ̀ ṣèṣe. Àwọn olóko fún wọn ní ewúrẹ́ kan. Wọ́n fi jẹ nsima, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo, Falesi ló sì jẹ orí.