Ṣé Ẹ Ò Gbọ́ Ni, Onímú?

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í mu ọtí. Á fi imú sí i, á tọ́ ọ wò, á tu ú dà nù, á wá dájọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún nìyẹn nílé iṣẹ́ wa, níbi tí a ti ń tọ́jú wísíkì sínú àgbá títí yóò fi gbó. Onímú ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti gba orúkọ náà débi pé bí o bá pe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì lò ń pè. Èmi ni mo ń lẹ bébà mọ́ ara ìgò. Òun ló bá mi wáṣẹ́ náà, yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni mo sì ń gbé, nítorí náà ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ọkùnrin náà mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Lárààárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á fa afẹ́fẹ́ símú, á ní, "Mọ́mì, lọ́fínńdà ẹ yìí ò lẹ́gbẹ́." Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín, á ní kó máa lọ kó má baà pẹ́. Èmi tí n kò tí ì rí ẹni tí yóò yìn mí, inú á máa bí mi díẹ̀.

Ọ̀fìnkìn kan wá dá a wólẹ̀. Ọ̀fìnkìn lọ, ó sì kó gbogbo òórùn ayé lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹran kaná, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ sá aṣọ. Ọkọ rẹ̀ jókòó ti ìkòkò gbágbáágbá, ó ń ka ìwé ìròyìn. Òórùn ẹran tó ń jóná dé ọ̀dọ̀ mi ní yàrá ẹ̀yìn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ sáré pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

"Dádì, ẹran ti jó! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Ó gbójú sókè. "Mo gbọ́ o. Ṣebí mo dá ẹ lóhùn nígbà tó o pè mí?"

Kò sẹ́ni tó pè é. Etí ń gbọ́, imú náà ń gbọ́. Imú ni wọ́n bi í, etí ló fi dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó pa iná. Mo rò pé kò fura. Ní tèmi, ẹ̀rù bà mí gidigidi. Onímú tí kò gbọ́ òórùn, kí ló kù lára rẹ̀? Bí wọ́n bá lé e, èmi náà á palẹ̀ mọ́.

Ká tó mí, wísíkì tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa ń retí ti tó tọ́ wò. Ọkà báálì nìkan ni wọ́n fi ṣe é, nílé ìpọntí kan ṣoṣo, wọn kò pò ó mọ́ òmíràn. Ó ti gbó nínú àgbá lásán kí wọ́n tó gbé e lọ sínú àgbá tó gba wáìnì ṣẹ́rì rí, kó lè fa adùn àti àwọ̀ rẹ̀ mọ́ra. Wọ́n máa ń jó imí ọjọ́ nínú irú àgbá bẹ́ẹ̀ kó má baà bu. Bó bá pọ̀ jù, wísíkì á máa rùn bí ìṣáná. Iṣẹ́ Onímú ni láti mú irú rẹ̀, kó ní kí wọ́n dà á nù.

Èmi ni mo gbé ìgò wọlé, ẹnu ọ̀nà ni mo sì ti gbọ́ ọ. Ìṣáná ni, odindi páálí. Ọ̀gá fún imú pọ̀. Obìnrin tó ń bójú tó ọjà títà rọra sún gíláàsì tirẹ̀ sẹ́yìn. Gbogbo ojú wá wà lára Onímú.

Ó yí gíláàsì, ó gbé e símú, ó di ojú. Ó mọ ohun tó yẹ kó wà nínú àgbá ṣẹ́rì, ó sì kà á bí ọmọ iléèwé. "Èso àjàrà gbígbẹ. Oyin díẹ̀. Awọ bàtà tuntun, nísàlẹ̀ pátápátá." Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú. "Ó ti gbó. Ẹ rọ ọ́ sígò."

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọkùn, ara ò rọ adìyẹ. Obìnrin ọlọ́jà fa gíláàsì rẹ̀ padà, ó tún gbọ́ ọ. "Àjàrà ni lóòótọ́," ó wí jẹ́ẹ́. Ọ̀gá ní oyin lòun ń gbọ́ jù. Wọ́n bi èmi náà. Mo ní bàtà ni. Yàrá tí mò ń sùn ni mo rò.

Mo lẹ "Àṣàyàn Onímú" mọ́ ara gbogbo ìgò náà, mo sì ń retí ọjọ́ tí wọn yóò dá wọn padà. Wọn ò dá ẹyọ kan padà. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa ọtí ní àwọn ò tí ì mu wísíkì tí iná fara pamọ́ sínú rẹ̀ báyẹn rí. Ọ̀kan ní ó rán òun létí bàbá òun tó máa ń ṣá ìṣáná sí páìpù tábà. Ọjà tán. Ọ̀gá gbá Onímú mọ́ra níwájú gbogbo wa.

"Òórùn iná yẹn, ìwọ nìkan lo mọ̀ pé aráyé á fẹ́ ẹ. Bá wa wá irú ẹ̀ gan-an nínú àwọn àgbá tó kù."

"Òórùn iná wo, sà?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìrẹ̀lẹ̀ ọkùnrin yìí ti pọ̀ jù.

Nígbà tí a délé, Onímú gbé gíláàsì méjì, wísíkì láti inú àwọn àgbá tó kù, síwájú ẹ̀gbọ́n mi lórí tábìlì ilé ìdáná. Mò ń fọ abọ́ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ní kí n jáde.

"Bá mi wo èyí tó ń rùn bí ìṣáná."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Dádì?"

Ó jókòó. "Mi ò gbọ́ mọ́. Látìgbà ọ̀fìnkìn yẹn ni. Ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi sọ."

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi á pariwo. Ó gbọ́ òórùn gíláàsì kìíní, ó gbọ́ èkejì, ó ti èkejì sí ọkọ rẹ̀. "Èyí ni. Ọjọ́ tí ẹran jó ni mo ti mọ̀. Látọjọ́ náà, mi ò fi lọ́fínńdà kankan sára mọ́, mo ń dúró kẹ́ ẹ sọ fún mi." Ó dìde, ó nu tábìlì. "Ẹ ṣì ń yìn ín lárààárọ̀."

Onímú gbé gíláàsì náà símú, ó tún gbé e kalẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n mí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òórùn lọ́fínńdà ló jí mi ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi sára, ó dúró sílé ìdáná, ó ń retí. Ọkọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó wò ó díẹ̀, ó sì kọjá lọ síbi iṣẹ́ láì yin lọ́fínńdà kankan, kó má baà tún parọ́.