Ohun Tó Pa Mànàmáná

Ọjọ́ tí iná lọ láàárín eré ni gbogbo ìlú fi ń rántí Mànàmáná, ògbóǹtarìgì tó ń ta gìtá rọ́ọ̀kì. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn dákẹ́ rọ́rọ́. Mànàmáná ò tiẹ̀ wojú ẹnikẹ́ni. Ó ń ta gìtá oníná tí kò dún mọ́ lọ, ó ń mi orí, ó kúnlẹ̀, ó dìde, gbogbo èrò sì pa lọ́lọ́. Wọ́n ní orin tó dùn jù láyé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Aránṣọ, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé tòun ti abẹ́rẹ́ àti òwú. Kò gbọ́ nǹkan kan, síbẹ̀ omijé bọ́ lójú òun náà.

Ọkùnrin náà mọ ìtàn án sọ! Àpá kan wà níwájú orí rẹ̀. Ó sọ fún oníròyìn kan pé okùn gìtá ló já lu òun. Ó sọ fún òmíràn pé olólùfẹ́ òun kan ló ju bàtà lu òun. Àǹtí mọ̀ pé ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ni.

"Àǹtí mi," ló máa ń wí, "ta ló máa wá wo ẹni tí ilẹ̀kùn lù?"

Nígbà tó wá kú lójijì, kò sẹ́ni tó gbà pé irú ikú tó ń pa gbogbo ayé ló pa á. Onígbàjámọ̀ àdúgbò ní ohùn òkè kan tó fi gìtá fà gùn jù ló fọ́ ọ lọ́kàn. Onílù rẹ̀ ní ìlara ni. Àwọn tó pọ̀ jù ní iná ló gbé e, pé wáyà burúkú ni wọ́n so mọ́ gìtá. Bí wọ́n ṣe fọ́ fèrèsé oníṣẹ́ iná rẹ̀ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrántí rẹ̀, oníṣẹ́ iná wá sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí.

"Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù, mà. Ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ ẹ̀ nígbà tó kú. Ṣé wáyà mi ni?"

"Kì í ṣe wáyà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Àwọn ọmọ mi ò lè jáde mọ́."

Kí Àǹtí tó lè sọ òtítọ́, ó ní láti sọ ohun tí àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́. Kò fẹ́ dójú tì í. Síbẹ̀, nígbà tí gbọ̀ngàn ìrántí kún lálẹ́, ó gba makirofóònù.

"Ṣọ́ọ̀bù mi ló kú sí. Ṣòkòtò awọ ẹ̀ ò wọ̀ ọ́ mọ́, ló bá gbé e wá kí n fẹ̀ ẹ́. Síkẹ́ẹ̀tì mi ló wọ̀ jókòó. Ó ní òun ò sanra, awọ ló súnkì. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé orí lé èjìká mi. Mo rò pé oorun ni. Dókítà ní ọkàn ẹ̀ ló dáṣẹ́ dúró. Kò sí iná níbẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń wa maṣíìnì mi."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń nu ojú. Onígbàjámọ̀ lọ di oníṣẹ́ iná lọ́wọ́ mú. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn dìde dúró fún Mànàmáná.

Awakọ̀ takisí kan ló fọhùn láti ẹ̀yìn. "Irọ́ ni! Mo rí i láàárọ̀ yìí, ó ń ra búrẹ́dì!"

Àǹtí yíjú sí awakọ̀ náà. Ó wu òun náà kó rí bẹ́ẹ̀.

"Tẹ́ ẹ bá tún rí i," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti fẹ ṣòkòtò ẹ̀ tán. Kó máa bọ̀ wá mú un."