Ṣíbí Oníhò Tó Ń Dá Ọkọ̀ Dúró

"Àlọ́ mi dé etí títì o!"

"Kó wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó tó sọdá!"

"Ó dé àárín títì, ó gbọ́ fèrè mọ́tò!"

"Kó má sáré padà o!"

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ aṣọ mi, òtútù ń mú. Yétúndé, yé wo ẹnu ọ̀nà. Èmi náà ń wò ó. Ìyá yín máa dé. Àwọn àgbà tó ń kọ́ ní ìwé kíkà ní Ayépé ni kì í tètè dá a sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ náà á sì tún máa pẹ́. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀.

George bi mí lẹ́ẹ̀kan pé kí ni mo fẹ́ fi ṣíbí oníhò tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí ṣe, nígbà tí a ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán. Mo ní kì í ro ọbẹ̀, kì í din ẹja, ọkọ̀ ló ń dá dúró. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Ìtàn ẹni tó ni ṣíbí náà ni mo fẹ́ sọ, ẹ ó sì rí i bóyá irọ́ ni mo pa.

Fàtímọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n sí Ìyá Olójòjò, ìyàwó Bàbá Àbúdù tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé wọn àti tiwa. Ayépé ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí Àbúdù ń wa lọ́rì ló rí i níbẹ̀, ó sì gbé e wá sí Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Láti ọ̀sán ni Fàtímọ̀ ti máa ń rin ewùrà, tí yóò gún ata àti àlùbọ́sà sí i. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, yóò ru agbada rẹ̀ sọdá títì, yóò dáná sí ìdí òpó iná tó wà ní ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ẹ mọ òpó náà. Gílóòbù orí rẹ̀ ti kú tipẹ́tipẹ́. Fàtímọ̀ kan ìṣó kan mọ́ ọn lára, ó ń fi àtùpà rẹ̀ kọ́ ọ. Ìyẹn ni iná títì tí a ní nígbà náà.

Dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ láti Ìmúṣin yóò ti gbóòórùn òjòjò kí ó tó rí àtùpà. Ẹni tí kò fẹ́ rà á pàápàá yóò tẹ búrẹ́kì, torí ó mọ̀ pé èrò wà níbẹ̀. Fàtímọ̀ yóò wá na ṣíbí yìí sókè, tòun ti òróró tó ń kán tó tó láti ojú ihò rẹ̀.

"Ìwọ oní-Píjò, dúró níbẹ̀! Ṣé o ò rí àwọn ọmọ ni?"

Àwọn ọmọ ilé kéú yóò sọdá, àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ yóò tẹ̀ lé wọn.

"Ó yá, máa lọ, kí ìyàwó rẹ má baà tilẹ̀kùn mọ́ ọ síta."

Ọlọ́pàá Òjòjò ni àwọn dẹ́rẹ́bà ń pè é. Òun náà á sì dá wọn lóhùn: "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gúnjẹ tèmi nìyí, ẹ wá rà á!"

Àbúdù ti fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀ nígbà náà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú pẹ̀lú rẹ̀, iná nìkan ló kù tó lè dá mọ̀. Síbẹ̀ kì í pa ìrun mọ̀gàríbì jẹ. Bí wọ́n bá ti pe ìrun, yóò fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé etí títì lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, yóò dúró. Yóò fi ojú wá àtùpà ìyàwó rẹ̀ lódìkejì, yóò kọjú sí i. Fàtímọ̀ yóò na ṣíbí, yóò dá ọkọ̀ dúró, yóò wá kígbe: "Bàbá Ràmọ́tà, ó yá o!" Ràmọ́tà ni àkọ́bí wọn tó lọ́kọ sí Ìlọrin. Àbúdù á máa bọ̀ tààrà síbi ìmọ́lẹ̀ yẹn, bí ẹni tí wọ́n so okùn mọ́ níkùn tí wọ́n ń fà á.

Tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ní, "Òjòjò tòní jóná."

Fàtímọ̀ á ní, "Imú yín ló jóná. Ẹ kọjá síbi ìrun."

Ẹ dákẹ́ ná. Ọkọ̀ kọ́ nìyẹn? Rárá, ó ti kọjá.

Ṣùgbọ́n àtùpà kan ò tó. Ọmọ kan ti ṣẹ́ lápá ní oríta yẹn, obìnrin kan ti já sí kòtò níbi tó ti ń sá fún ọkọ̀ akẹ́rù. Tíṣà Walter tó ti fẹ̀yìn tì pe gbogbo wa jọ síwájú ilé rẹ̀ pé kí a lọ bá ìjọba, kí wọ́n wá fún wa ní iná. Fàtímọ̀ ló pariwo jù lọ́jọ́ náà. "Ẹ jẹ́ ká lọ! Àtùpà mi ò lè ṣe iṣẹ́ ìjọba. Bí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kan ńkọ́? Ta ni yóò mú ọkọ mi sọdá?"

A lọ, a padà, a tún lọ. Ní àkókò tí àwọn ṣọ́jà dé orí oyè, tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, iná dé. Wọ́n fi gílóòbù tuntun sórí àwọn òpó, wọ́n sì ri iná olójú mẹ́ta mọ́ oríta. Tó bá pọ́n, kí ọkọ̀ dúró. Tó bá dà bí ewé, kó máa lọ. Àwọn èèyàn wọkọ̀ láti Ìmúṣin wá wò ó. Fàtímọ̀ jó yí òpó ká.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n rán ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Mobọ́lájí wá. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ọmọlúwàbí ni. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ má bínú. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tajà lábẹ́ iná yìí mọ́. Ẹ̀yìn ọjà ni kí ẹ kó lọ."

Fàtímọ̀ ò jà. "Iná ìjọba ti dé, ọmọ mi, kí ni mo tún ń ṣe níbẹ̀?" Ó sọ àtùpà rẹ̀ kalẹ̀, ó ru agbada, ó lọ. Ìṣó ló kù lára òpó.

Iná náà dára títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, tó ń bọ̀. Nígbà tó yá, ó lọ, kò bọ̀ mọ́. Olójú mẹ́ta fọ́jú. Òkùnkùn tó wá dé yìí burú ju ti àtijọ́ lọ, torí àtùpà ò sí níbẹ̀, òórùn òjòjò ò sí níbẹ̀. Kí ni dẹ́rẹ́bà fẹ́ tẹ búrẹ́kì fún?

Láti ìgbà náà ni ara Fàtímọ̀ ò ti balẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ọjà ló jókòó sí, etí títì ni ọkàn rẹ̀ wà. Wọ́n bá ti pe ìrun, á dìde, á jókòó, á tún dìde. Òjòjò ń jóná lóòótọ́. Ẹni tó bá wá rà á, ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ gbà: "Ṣé ọ̀dọ̀ wa lo gbà kọjá? Ṣé o rí Bàbá Ràmọ́tà? Ṣé ó ti sọdá?"

Lálaalẹ́ ni mò ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn ògiri.

"Bàbá Ràmọ́tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kírun nílé."

"Kí ló ṣe mọ́ṣáláṣí?"

"Títì ló wà láàárín."

"Títì tí mo wa lọ́rì lórí rẹ̀ títí irun mi fi funfun? Ìwọ rò pé títì ò mọ̀ mí ni?"

"Títì mọ̀ yín. Àwọn tó ń sáré lórí rẹ̀ ni kò mọ̀ yín."

"Fàtímọ̀, ṣé adìẹ ni mí, tí o fẹ́ fi agbọ̀n dé mọ́lẹ̀?"

Kò gbà. Lọ́jọ́ míì ẹni tó ń lọ á fà á lọ́wọ́. Lọ́jọ́ míì á dúró síbẹ̀ títí ìrun yóò fi parí.

Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lọ́rì kan tó kó pákó kú sí àárín títì, ní ọ̀gangan ibí. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ṣe ohun tí gbogbo dẹ́rẹ́bà ń ṣe. Ó ya ewéko, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó rọ kẹrosíìnì sínú agolo mílíìkì, ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó tàn án, ó gbé e sílẹ̀ sí àárín ewé náà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ọkọ̀ kú síbẹ̀. Ó wá lọ wá mẹkáníìkì.

Ọ̀ọ̀dẹ̀ níbí ni mo wà, mò ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n pe ìrun. Àbúdù dé etí títì, ó dúró bó ṣe máa ń dúró. Lójijì ojú rẹ̀ tàn bí ojú ọmọdé.

"Ìyá Ràmọ́tà! O ti padà síbẹ̀?"

Ó kọjú sí iná inú agolo, ó bọ́ sójú títì. Mo ju ọpọ́n ẹ̀gúsí nù. "Àbúdù! Kì í ṣe òun! Dúró!" Etí rẹ̀ ò gbọ́ tèmi, ìmọ́lẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ó dé ìdí agolo, ó dúró sáàárín títì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Òjòjò tòní ò tilẹ̀ rùn."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan yọ láti ọ̀nà Ìmúṣin. Ó rí ewéko, ó yà fún un. Kò mọ̀ pé èèyàn dúró síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá Àbúdù, ó ṣubú sórí ewé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí n tó sáré débẹ̀, Fàtímọ̀ ti dé. Ara rẹ̀ ò gbà á lẹ́yìn ọjà nígbà tí wọ́n pe ìrun. Ó ti pa agbada tì, ó ń sáré bọ̀ tòun ti ṣíbí lọ́wọ́, ni ó gbọ́ igbe búrẹ́kì. Ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan.

"Bàbá Ràmọ́tà, kí lẹ wá dé àárín títì?"

"Ìwọ ni mo wá bá. Mo rí àtùpà rẹ."

Fàtímọ̀ wo agolo tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ọkọ̀ Tíṣà Walter la fi gbé Àbúdù lọ sí ọsibítù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló ṣẹ́, wọ́n fi símẹ́ǹtì dì í. Ìgbà tí a lọ kí i, ó ń bú ara rẹ̀. "Èmi tí mo ti gbé irú agolo yẹn sẹ́yìn lọ́rì tèmi kiri gbogbo ọ̀nà! Èmi náà ni mo rí i tí mo pè é níyàwó mi."

Fàtímọ̀ ní, "Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé mo jọ agolo mílíìkì?"

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Fàtímọ̀ yí ojú sí ògiri, ó sunkún.

Àbúdù ò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì tí Fàtímọ̀ fi padà sí ìdí òpó. Ó fi àtùpà kọ́ ìṣó àtijọ́. Kò gbé agbada dání o. Àpótí ìjókòó kan àti ṣíbí yìí, ó tán. Mobọ́lájí dé.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, a ti ní kí ẹ má tajà níbí mọ́."

"Kí ni mò ń tà, ọmọ mi?"

Ó wo abẹ́ àpótí, kò rí nǹkan kan. "Kí wá lẹ ń ṣe?"

"Mò ń dúró de ọkọ mi."

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Ọsibítù. Wọ́n á dé."

Mobọ́lájí wo olójú mẹ́ta tó fọ́jú, ó họ orí. Àwọn ọkọ̀ ń já wìì, wìì. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, òdìkejì ni mo gbé kẹ̀kẹ́ mi sí. Ẹ bá mi dá tọ̀hún yẹn dúró, kí n sọdá."

Fàtímọ̀ na ṣíbí. Ọkọ̀ dúró.

Láti ìgbà náà, ọ̀sán ló ń ta òjòjò lẹ́yìn ọjà. Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, á wá síbẹ̀. Tíṣà gbé àga elẹ́yìn kan fún un, ó sì ń bá a ra kẹrosíìnì. Tíṣà náà ò tíì yé lọ bá wọn nítorí iná, títí dòní. Ẹ̀yin náà ń rí i, olójú mẹ́ta ò tíì la ojú.

Àná ni wọ́n ránṣẹ́ pe Fàtímọ̀ sí Ayépé pé ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò yá. Ó gbé ṣíbí yìí fún mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wo ibẹ̀ títí n ó fi dé." Mo jókòó síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Mo mú Àbúdù sọdá, mo mú un padà, ó ti wà nílé. Ni mo bá sọ àtùpà kalẹ̀, mo wọlé wá fún yín lóúnjẹ. Mo rò pé ìyá yín yóò ti dé kí ẹ tó jẹun tán. Adébùsọ́lá ìyá yín kì í pẹ́ tó báyìí. Òdìkejì sì ni ọkọ̀ Ayépé máa ń já èèyàn sí.

Ẹ gbọ́? Òmíràn tún ń bọ̀. Ẹ wò ó bó ṣe ń sáré.

"Àlọ́ mi ti sọdá o!"

Ẹ má dá mi lóhùn mọ́, ẹ dìde, ó tó. George, fọ ẹsẹ̀ rẹ kí o tó gun orí ẹní. Yétúndé, gbé àtùpà yẹn fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé yàrá máa ṣókùnkùn. Ẹ di ara yín mú, ẹ dijú, ẹ sùn. Ìṣó ṣì wà lára òpó, èmi ń lọ fi àtùpà kọ́ ọ títí ìyá yín yóò fi dé.

Na ṣíbí yẹn sí mi.